Gbèsè kì í ṣe ẹjọ́ ọlọ́pàá: àlàyé ẹ̀ka òfin fún àwa ọlọ́jà Creek Road

Ohùn admin ti alẹ́ Ọjọ́ Àìkú. A tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tí ariwo ọjà kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ fóònù dáadáa, àti àwọn tí dátà wọn ti tán. Ohùn márùn-ún ni.

Ohùn kìíní

Ẹ̀yin tí ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ Bonny láàárọ̀, ayọ̀ la ó fi rí yín.

Ẹ jẹ́ n lọ tààrà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àbúrò wa kan kọ ọ́ sórí group pé kí a dá ₦80,000 jọ fún òun. Oníbàárà kan jẹ ẹ́ ní ₦640,000, owó èlùbọ́ àti ata gbígbẹ. Oṣù mẹ́rin nìyí, kò rí i gbà. Ó ní òun ti bá ọlọ́pàá kan sọ̀rọ̀, pé bí owó bá ti pé, wọ́n á lọ gbé ọkùnrin náà. Bí wọn ò bá bá a nílé, wọ́n á gbé ìyàwó ẹ̀. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, èèyàn mọ́kànlá ti kọ "mo wà níbẹ̀". Èmi ni mo ti group pa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwọn kan bínú, wọ́n ní admin ti ń gbè sẹ́yìn onígbèsè. Rárá o. Owó àbúrò wa dùn mí bí ẹni pé tèmi ni. Ṣùgbọ́n mo ti tọ ọ̀nà yẹn rí, mo mọ ibi tó já sí.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́, bó tilẹ̀ ń tì mí lójú. Ọdún 2021 ni. Mo ta edé àti ẹja gbígbẹ fún obìnrin kan. Ó san díẹ̀, ó ku ₦300,000. Mo pè é títí, kò gbé fóònù. Mo bá lọ sí tèṣọ́n kan, n ò ní dárúkọ ẹ̀. Wọ́n gba ₦35,000 lọ́wọ́ mi, wọ́n ní owó epo ọkọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọn ò bá obìnrin náà. Wọ́n gbé àbúrò ẹ̀ ọkùnrin, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà. Ọmọ yẹn sun àtìmọ́lé fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ẹbí ẹ̀ wá owó wá, ọlọ́pàá yọ tiwọn, ₦120,000 ló dé ọwọ́ mi. Mo rò pé mo ti borí.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ìwé kọ́ọ̀tù dé ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọ yẹn pe ọlọ́pàá lẹ́jọ́, ó sì pe èmi náà mọ́ ọn, pé a fi ẹ̀tọ́ òun dun òun. Èmi tí wọ́n jẹ lówó ni mo wá di olùjẹ́jọ́! Owó lọ́yà, owó ìrìn-àjò kọ́ọ̀tù, owó tí àwọn àgbà ní kí n fi bẹ ọmọ náà kó tó fa ẹjọ́ ẹ̀ padà, gbogbo ẹ̀ ju ₦300,000 tí mo ń wá kiri lọ. Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ọmọ yẹn ò jẹ mí ní kọ́bọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé òfin kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Ó ní ẹ̀ka, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìsọ̀ tiẹ̀. Ẹni tó bá gbé ẹja lọ sí ìsọ̀ aláṣọ, kì í ṣe pé ẹja ò dáa, ibi tó gbé e lọ ni ò dáa.

Ohùn kejì

Ìwé mẹ́wàá lèmi kà mọ, ẹ mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ mi obìnrin ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Rivers State University, ọdún kìíní ló wà. Bó bá wá bá mi pa ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, mo máa ń ní kó ka ìwé ẹ̀ sókè. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹ̀, pẹ̀lú ohun tí lọ́yà tó bá mi rìn kọ́ mi, ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tó ń gbèrò àti ṣe lọ́yà, ẹ pè é kó jókòó tì yín kó gbọ́.

Igbá méjì ni òfin pín sí. Igbá kìíní ni òfin tó wà láàárín ìjọba àti aráàlú. Òfin ọ̀daràn wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ owó orí wà níbẹ̀, kọ́ńsítítúṣọ̀n náà wà níbẹ̀. Igbá kejì ni òfin tó wà láàárín ẹnìkan sí ẹnìkejì, tí àwọn lọ́yà ń pè ní civil. Gbèsè, àdéhùn, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù, ogún, ìgbéyàwó, kọ́ńpìnnì, inú igbá yìí ni wọ́n wà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí òfin ọ̀daràn, torí òun la máa ń sá lọ bá. Olè jíjà, ìpànìyàn, ìjà tó fi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀, gbájúẹ̀. Nínú irú ẹjọ́ báyìí, ìjọba ló ń pe ẹjọ́, kì í ṣe ìwọ tí wọ́n jà lólè. Ẹlẹ́rìí ni ẹ́ níbẹ̀. Ìparí ẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n tàbí owó ìtánràn, àpò ìjọba sì ni ìtánràn ń lọ. Torí náà, wọ́n lè ju ẹni tó jà ẹ́ lólè sẹ́wọ̀n kí ọjà rẹ má padà wá.

Nítorí pé ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀, òfin le gan-an kó tó mú èèyàn. Abala 36 nínú kọ́ńsítítúṣọ̀n ọdún 1999 ní aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí kọ́ọ̀tù yóò fi rí i pé ó jẹ̀bi. Abala yẹn náà ní ohun tí òfin tí a kọ sílẹ̀ kò bá pè ní ẹ̀ṣẹ̀, tí kò sì kọ ìjìyà ẹ̀ síbẹ̀, a ò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nítorí ẹ̀. Ẹ̀rí tó máa ran èèyàn lẹ́wọ̀n gbọ́dọ̀ dájú débi pé iyèméjì tó mọ́gbọ́n dání ò ní sí níbẹ̀.

Ẹjọ́ ẹnìkan sí ẹnìkejì yàtọ̀. Ìwọ fúnra rẹ lo pe ẹjọ́. Adájọ́ á gbé ọ̀rọ̀ yín méjèèjì sórí òṣùwọ̀n bí a ṣe ń wọn edé, èyí tó bá tẹ̀wọ̀n jù ló jàre. Ìparí ẹ̀ ni pé kí wọ́n san owó rẹ, tàbí kí wọ́n ṣe ohun tí wọ́n ṣèlérí. Ẹ̀wọ̀n kọ́ ni wọ́n fi ń san gbèsè.

Ẹ wá gbọ́ èyí dáadáa. Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020, abala 32, sọ pé a ò gbọ́dọ̀ mú ẹnikẹ́ni kìkì nítorí ọ̀rọ̀ ẹnìkan sí ẹnìkejì tàbí nítorí pé ó yẹ àdéhùn. Òfin tí wọ́n ń pè ní ACJA, ti ọdún 2015, sọ bẹ́ẹ̀ náà, ó sì fi kún un ní abala 7 pé a ò gbọ́dọ̀ mú ẹnìkan dípò ẹlòmíràn. Ìyàwó onígbèsè, àbúrò onígbèsè, ìyá onígbèsè, kò sí èyí tó kàn nínú wọn. Ohun tí mo ṣe ní 2021 nìyẹn, mo san ₦35,000 láti ra ẹ̀ṣẹ̀.

Ohùn kẹta

Mo mọ ìbéèrè tó wà lẹ́nu yín. "Admin, ṣé gbájúẹ̀ á kàn máa jẹ wá lówó lọ báyìí?" Ó tì o. Ìgbà mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ owó di ẹjọ́ ọ̀daràn.

Ẹni tó fi alert ayédèrú hàn ọ́, tó gbé ọjà lọ, kì í ṣe onígbèsè. Irọ́ ló fi gba ọjà lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tó sọ pé òun ní ọjà nílẹ̀, tí kò ní kiní kan, tó gba owó rẹ sá lọ, bákan náà ni. Òfin gbájúẹ̀ ti ọdún 2006 ní ẹ̀wọ̀n irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ọdún 7, ó sì lè tó ọdún 20, kò sí owó ìtánràn níbẹ̀. Ẹni tó fún ọ ní ṣẹ́ẹ̀kì tí kò sí owó lẹ́yìn ẹ̀, òfin ọdún 1977 wà fún un, ẹ̀wọ̀n ọdún 2 ni fún ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Àwọn wọ̀nyí, ẹ gbé wọn lọ bá ọlọ́pàá, ẹ kọ ìwé ẹ̀sùn.

Ohun tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni ọjọ́ tí ẹ jọ dọ́wọ́ pọ̀. Ṣé ó ti ní irọ́ lọ́kàn lọ́jọ́ náà? Àbí òótọ́ inú ló fi gbà á, tí ọjà ò tà, tí ọkọ̀ dànù, tí ọmọ ṣàìsàn? Ti ìkejì yìí, gbèsè ni. Oníbàárà àbúrò wa ti ra ọjà lọ́wọ́ ẹ̀ fún ọdún méjì, ó ń san án. Gbèsè ni.

Gbèsè jáde láti inú ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní òfin àdéhùn. Àwa ọlọ́jà, inú ẹ̀ la ń gbé láìmọ̀. Bí o bá ní "mú un ní ₦20,000", tí ẹnìkejì ní "mo gbà", àdéhùn ti dúró. Kò di dandan kó wà nínú ìwé. Ìwé kàn ń ràn ọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá ṣẹ́.

Òfin ọjà títà tí à ń lò níbí ti pẹ́, ọdún 1893 ni wọ́n ṣe é ní ìlú òyìnbó, ó ṣì ń dè wá. Ó ní bí o bá fi bíńtín han oníbàárà nínú àpò kan, ìyókù àpò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi edé ńlá sókè, tí ẹ ń fi fúlọ́fúlọ́ sísàlẹ̀, ẹ fetí síyẹn. Ó tún ní bí ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ títa nǹkan bá tà á fún ọ, nǹkan náà gbọ́dọ̀ wúlò fún ohun tí o sọ fún un pé o fẹ́ fi ṣe. Obìnrin kan ra fíríìjì oníkẹrosín-ìnì lọ́wọ́ Nigerian Bottling Company, ó bú gbàmù, ó jó o. Ẹjọ́ náà dé Kọ́ọ̀tù Gíga Jùlọ, wọ́n sì dá a láre ní 1985.

Ẹ̀ka mìíràn wà tí kò nílò àdéhùn rárá. Àwọn lọ́yà ń pè é ní tort. Ó túmọ̀ sí pé kí o má fi àìbìkítà rẹ ṣe ọmọnìkejì léṣe. Ní 1928, ní Paisley ní ìlú Scotland, ọ̀rẹ́ obìnrin kan ra ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò fún un. Ó mu ún tán díẹ̀ kó tó rí i pé ìgbín jíjẹrà wà nínú ìgò. Òun kọ́ ló sanwó, torí náà kò bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn. Síbẹ̀, ní 1932, àwọn adájọ́ London ní ẹni tó ṣe ohun mímu náà gbọ́dọ̀ ro ti ẹni tó máa mu ún. Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ẹni tó ń fi òògùn kòkòrò sí ẹja gbígbẹ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, tí ẹja náà dé Ìbàdàn, tí ọmọ ẹlòmíràn jẹ ẹ́. Ẹ̀yin ò mọ ọmọ náà, òfin mọ̀ yín.

Ohùn kẹrin

Mo ti mu omi. Ẹ jẹ́ ká sáré gba inú àwọn ẹ̀ka tó kù.

Ilẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, kó dì í mú fún gbogbo wa. Èyí tó kàn wá jù ni lándílọ́ọ̀dù. Bí ó bá fẹ́ kí o jáde, ó gbọ́dọ̀ fún ọ ní ìwé, kó sì gba ọ̀nà kọ́ọ̀tù. Kó wá lóru wá fi àgádágodo tiẹ̀ kún tìrẹ, kò bófin mu. Ìwọ náà, má fi èyí ṣe àwíjàre láti má san owó ṣọ́ọ̀bù o.

Owó tí wọ́n ń gbà nínú ọjà. Kọ́ńsítítúṣọ̀n fi ọjà sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tó bá ní ìjọba ló rán òun, béèrè rìsíìtì ìjọba. Ẹni tí kò bá ní rìsíìtì, ọ̀rọ̀ ẹ̀ di ti ẹgbẹ́, ẹ má dá nìkan bá a jà.

Kọ́ńpìnnì. Òfin CAMA ti ọdún 2020 gbà kí ẹnìkan ṣoṣo dá kọ́ńpìnnì kékeré sílẹ̀. Àǹfààní ẹ̀ ni pé kọ́ńpìnnì dá dúró bí èèyàn, gbèsè ẹ̀ kì í ṣe gbèsè ilé rẹ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ orúkọ òwò nìkan lo forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, ìwọ àti òwò náà, ọ̀kan náà ni yín. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gbé ìwé orúkọ òwò kiri tí wọ́n ń pè é ní kọ́ńpìnnì.

Ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́ àti owó oṣù, kọ́ọ̀tù tiẹ̀ wà lọ́tọ̀, National Industrial Court, ó sì wà ní Port Harcourt níbí.

Ogún. Ẹ̀ka yìí ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí tiwa ni. Òfin ìbílẹ̀ kì í ṣe eré, kọ́ọ̀tù mọ̀ ọ́n. Bàbá kan kú ní Èkó, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ṣé ìdí-igi ni wọ́n máa fi pín in, kí ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan, àbí orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tiẹ̀? Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní ayé ti là, ìdí-igi ò bá ẹ̀tọ́ mu mọ́. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole nìyẹn. Ó rìn títí ó fi dé London, ní 1962 wọ́n ní ìdí-igi ṣì ni àṣà Yorùbá, òun ni kí wọ́n tẹ̀ lé. Ìgboro London ló ti gba àṣà wa là, ẹ ò rí nǹkan!

Ṣùgbọ́n àṣà tó bá tako kọ́ńsítítúṣọ̀n, kọ́ọ̀tù á fọ́ ọ. Ní 2014, Kọ́ọ̀tù Gíga Jùlọ ní àṣà Igbo tó ní ọmọbìnrin kò gbọ́dọ̀ jogún bàbá ẹ̀ kò lè dúró, nínú ẹjọ́ Ukeje. Ẹ̀yin bàbá wa tí ẹ ní ìdílé níbí, tí ẹ tún ní ìdílé nílé, ẹ kọ ìwé ìhágún. Ẹ má fi ìjà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Ohùn karùn-ún

Ó kù díẹ̀ kí n parí. Àlejò la jẹ́ níbí. Àwọn kan máa ń sọ pé òfin ò sí fún àlejò. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi kọ́ńsítítúṣọ̀n, bàbá gbogbo òfin, sí ìparí. Abala 41 ní ọmọ Nàìjíríà lè gbé ibi tó bá wù ú. Abala 42 ní a ò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yà ṣe ìyàtọ̀ sí i. Abala 43 ní ó lè ra ilẹ̀ níbikíbi. Bí wọ́n bá sì mú èèyàn níbi tí kọ́ọ̀tù kò jìn ju kìlómítà 40 lọ, abala 35 ní kí wọ́n gbé e dé iwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ kan. Láti Creek Road níbí, ẹ̀yin náà mọ̀ bí kọ́ọ̀tù ṣe súnmọ́ wa tó. Ọjọ́ mẹ́ta lọmọ tèmi yẹn lò.

Ní 1925, ìjọba òyìnbó lé Ọba Eshugbayi, Eleko ti Èkó, lọ sí Ọ̀yọ́. Àwọn èèyàn ẹ̀ ò sọ òkò, wọ́n lọ kọ́ọ̀tù. Wọ́n pàdánù, wọ́n tún lọ. Ní 1931 àwọn adájọ́ London ní aláṣẹ kankan ò lè fi ọwọ́ kan òmìnira èèyàn àfi bí òfin bá gbà á láyè, kó sì lè fi hàn níwájú kọ́ọ̀tù pé òfin gbà á. Ọba padà sí Èkó lọ́dún náà.

Ẹ tún gbọ́ ti Ojukwu. Ọmọ Igbo ni, Èkó ló ń gbé, ìjọba ológun Èkó fi ipá lé e jáde nínú ilé kan ní Ìkòyí nígbà tí ẹjọ́ ilé náà ṣì wà ní kọ́ọ̀tù. Ní 1986, Kọ́ọ̀tù Gíga Jùlọ sọ pé ìjọba pàápàá ò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é. Bí òfin bá ṣíji bo àlejò ní Èkó, òun náà ló ṣíji bò wá ní Port Harcourt. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará mi, a ò lè máa pe òfin nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lé wa, ká wá máa fi ọlọ́pàá gbé ìyàwó ìyàwó nígbà tí wọ́n bá jẹ wá lówó. Òfin kan náà ni. Ìyàwó oníbàárà yẹn náà wà lábẹ́ ẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ ká ṣe fún àbúrò wa nìyí. Kó kó rìsíìtì ẹ̀ jọ, ìwé tí wọ́n fi san owó sí báńkì, àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí òun àti oníbàárà kọ síra wọn lórí WhatsApp. Kó má pa ìkankan rẹ́. Òfin ẹ̀rí ọdún 2011 gba ohun tó wà nínú fóònù, bí a bá ti gbé e wá bí òfin ṣe ní kí a gbé e wá. Lẹ́yìn náà, àwọn àgbà wa méjì àti àgbà méjì láti ọ̀dọ̀ tiwọn á pe ọkùnrin náà. Àwọn bàbá wa ní a kì í ti kọ́ọ̀tù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, torí náà ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbìyànjú ọ̀rẹ́. Wọ́n tún ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. A ò tíì gbọ́ tẹnu ọkùnrin yẹn. Bí ó bá ní òun á máa san ₦80,000 lóṣù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i, oṣù mẹ́jọ ló máa gbà.

Bí kò bá dáhùn, lọ́yà á kọ ìwé sí i, á fún un lọ́jọ́. Bí ọjọ́ bá pé, ó di kọ́ọ̀tù májísíréètì. Ní Èkó, láti 2018 ni wọ́n ti ní kọ́ọ̀tù fún gbèsè tí kò ju ₦5,000,000 lọ, tí wọ́n ń fẹ́ kó parí láàárín ọjọ́ 60. Ẹ̀yin tí oníbàárà yín wà ní Èkó, ẹ rántí ibẹ̀. Ẹni tí owó ẹ̀ ò bá ká lọ́yà, kó lọ bá Legal Aid Council, ìjọba ló gbé e kalẹ̀ fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kéré.

Owó tí ẹ fẹ́ dá fún ọlọ́pàá, ẹ jẹ́ ká dá a fún ìwé lọ́yà. Kò lè tó ₦80,000. Mo ti fi ₦5,000 tèmi sílẹ̀ lọ́wọ́ akápò. Mo máa ṣí group padà bí ohùn yìí bá ti wọlé tán. Ẹ̀yin mọ́kànlá tí ẹ kọ "mo wà níbẹ̀", mo ń retí yín níbẹ̀ náà.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó kọ ọ́, ẹ má pè mí lẹ́yìn aago mẹ́wàá, mo ń lọ pàdé ọkọ̀ ẹja láàárọ̀ kùtù. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká ta ọjà àwìn fún ẹni tí kò ní í san án. Ọjà á tà o. Ó dàárọ̀.